Ìkànnì YouTube tó dúdú, tó ń súfèé: ibo la ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í tú u?

OmoOwe:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ará ilé, òkun o.

Ìkànnì YouTube kan ni àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń pín kiri lórí WhatsApp ní Kàbbà báyìí. Fídíò orí rẹ̀ lé ní igba. Kò sí àlàyé, kò sí àwòrán ẹni tó ni ín. Ìṣẹ́jú àáyá 38 ni fídíò kọ̀ọ̀kan. Ojú rẹ̀ dúdú látòkè délẹ̀, àmọ́ ìró inú rẹ̀ kì í ṣe kékeré: á kọ́kọ́ súfèé, á já díẹ̀, á tún súfèé, lẹ́yìn náà á wá bẹ̀rẹ̀ sí í han tíín-tíín títí á fi parí. Lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́jọ tí kò jọ ọ̀rọ̀ kankan ni wọ́n fi ṣe orúkọ fídíò kọ̀ọ̀kan. Abẹ́ ẹyọ kan péré ni wọ́n kọ nǹkan sí: T2t1bg==

Ẹnu ò kò lórí ẹ̀. Àwọn kan ní ẹgbẹ́ awo ni, àwọn kan ní ẹni tó bá wò ó dé òpin, fóònù rẹ̀ á kú. Ìyẹn ò wọ̀ mí létí, ṣùgbọ́n mi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń dì í mú. Báwo la ṣe ń mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, àbí ẹ̀rọ kan ló kàn ń dá sọ̀rọ̀? Fóònù Android ni mo ní, kò sí láàpútọ́ọ̀pù, dátà sì wọ́n.

AgbaYagba:

Òkun o, àbúrò. Má tíì tú nǹkan kan. Kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń gbé e sórí: ṣé ènìyàn ni àbí ẹ̀rọ? Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà.

Gbé ọ̀rọ̀ Webdriver Torso yẹ̀ wò. Ọdún 2013 ni ìkànnì yẹn bẹ̀rẹ̀. Fídíò oníṣẹ́jú àáyá 11 ló kún orí rẹ̀, onígun mẹ́rin pupa kan àti búlúù kan lórí ojú funfun, tí ìró kan ń dún fíín bí wọ́n bá ti ń pààrọ̀ ipò. Nígbà tí ìròyìn rẹ̀ fi gba ayé kan ní 2014, fídíò ibẹ̀ ti ju 70,000 lọ. Àwọn kan ní iṣẹ́ amí ni, àwọn kan ní àwọn ẹ̀dá inú òfúrufú ló ń kàn sí wa. Oṣù kẹfà ọdún yẹn ni Google jẹ́wọ́ pé àwọn ló ni ín, pé ìdánwò ni àwọn fi ń ṣe, kí àwọn lè mọ̀ bóyá fídíò tó wọ YouTube jáde bó ṣe yẹ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, orúkọ ti tú àṣírí tipẹ́. "tmp" ni orúkọ fídíò wọn fi ń bẹ̀rẹ̀, tí lẹ́tà mélòó kan tẹ̀ lé e. Ohun tí ètò kọ̀ǹpútà máa ń kọ síwájú fáìlì tí kò ní pẹ́ parẹ́ nìyẹn. WebDriver gan-an, irinṣẹ́ tí àwọn tó ń dán ètò wò fi ń darí bíráúsà láìfọwọ́ kàn án ni. Fídíò kan ṣoṣo wà níbẹ̀ tó fi Eiffel Tower hàn ní alẹ́, òun sì ni àwọn ènìyàn dì mú bí ẹ̀rí. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ náà máa ń ṣeré. Ẹyọ kan tó yàtọ̀ láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún kì í ṣe ẹ̀rí ohunkóhun.

Tìrẹ wàyí. Gba Termux, áàpù tí wọ́n fi ń tẹ àṣẹ fún fóònù, láti F-Droid, ibi tí wọ́n ti ń gba áàpù ọ̀fẹ́, kí o tẹ àwọn wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan:

`pkg update`
`pkg install python ffmpeg`
`pip install -U yt-dlp`
`termux-setup-storage`

Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló ń jẹ́ kí Termux ráyè dé ibi tí fóònù ń kó fáìlì sí; lẹ́yìn rẹ̀, tẹ `cd ~/storage/downloads` kí ohun tí o bá gbà lè bọ́ síbẹ̀. Bí o bá gbójú fò ó, wàá gba fídíò sílẹ̀ tán, o ò sì ní rí i nínú gálárì, wàá rò pé kò wọlé. Ẹ̀yìn náà ni kí o fi yt-dlp, ètò tó ń gba fídíò YouTube sílẹ̀, kó àkójọ orúkọ láìgba fídíò kankan:

`yt-dlp --flat-playlist --print "%(id)s %(title)s %(duration)s" LINK > akojo.txt`

LINK ni kí o fi àdírẹ́sì ìkànnì náà rọ́pò. Dátà díẹ̀ ló ń jẹ. Ṣí akojo.txt, kí o wá wo ìgùn àwọn fídíò. Bí gbogbo wọn bá jẹ́ 38 géérégé, ètò kan ló ń ṣe wọ́n, kì í ṣe ẹni tó jókòó tó ń gé fídíò. Mú bí ogún nínú wọn, kí o wo ọjọ́ tí wọ́n gbé wọn jáde:

`yt-dlp --print "%(id)s %(upload_date)s %(timestamp>%H:%M)s" LINK-FIDIO`

Aago UTC ni yt-dlp ń lò, fi wákàtí kan kún un kí ó tó di aago tiwa. Ẹ̀rọ kì í sùn. Bí fídíò bá ń wọlé ní agogo mẹ́ta òru bó ṣe ń wọlé ní ọ̀sán, tí àárín wọn sì ń dọ́gba, ẹ̀rọ ló ń gbé e. Bí ó bá ń dánu dúró láago mọ́kànlá alẹ́, tó ń padà lẹ́yìn ìgbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá parí, ìyẹn tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Àmọ́ o, ẹ̀rọ gbé e kò ní kí ọ̀rọ̀ má sí nínú rẹ̀. Ènìyàn lè kọ ètò, kó fi í sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́.

Nǹkan méjì tí kí o má fi àkókò ṣòfò lé lórí. Àkọ́kọ́ ni lẹ́tà 11 tó wà lẹ́yìn "v=" nínú àdírẹ́sì fídíò. YouTube ló ń fún fídíò ní ìyẹn, ẹni tó gbé e sórí kò yàn án. Ìkejì ni àṣírí inú píksẹ́lì: YouTube máa ń fún gbogbo fídíò pọ̀ tuntun, ohun tí ẹnìkan bá fi pamọ́ sínú bíìtì tó kéré jù nínú àwọ̀ ti bá ibẹ̀ lọ. Ẹni tó ń fi steghide, irinṣẹ́ tó ń yọ ọ̀rọ̀ tó pamọ́ sínú àwòrán, yẹ àwòrán ojú YouTube wò ń pọn omi sínú agbọ̀n. Ohun tó lè la ìfúnpọ̀ yẹn já ni orúkọ, àlàyé, ìgùn, àwòrán ńláńlá, àti ìró tí kò ga ju nǹkan bí 15,000 Hz lọ.

BunuRedio:

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀gbọ́n. Kí n mú ti ìró yẹn.

OmoOwe, "á súfèé, á já díẹ̀, á tún súfèé" tí o kọ yẹn, mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé SSTV ni. Ọ̀nà tí àwọn olólùfẹ́ rédíò fi ń fi àwòrán ránṣẹ́ bí ìró ni. Àwọn tó wà nínú ibùdó ISS lókè lọ́hùn-ún náà máa ń fi àwòrán ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lórí 145.800 MHz. Bó ṣe ń lọ rèé: 1900 Hz fún ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan, 1200 Hz fún ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún péré, 1900 Hz padà fún iye ti àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ni kóòdù kúkúrú tó ń sọ irú SSTV tó jẹ́. Ẹ̀yìn èyí ni àwòrán á wá máa jáde ní ìlà-ìlà. 1500 Hz ni dúdú, 2300 Hz ni funfun, gbogbo àwọ̀ eérú wà láàárín wọn, 1200 Hz sì ni ó ń pín ìlà kan sí èkejì.

Ìgùn rẹ̀ náà bá a mu. Martin 1 ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 114, Scottie 1 ń gba 110. Èyí tó ń jẹ́ Robot 36 ní ìlà 240, ìlà kan sì ń gba ìṣẹ́jú àáyá 0.15, àpapọ̀ rẹ̀ 36. Fi súfèé ìbẹ̀rẹ̀ àti ìdákẹ́ díẹ̀ kún un, o ti dé 38.

Má gba fídíò sílẹ̀, ìró nìkan ni kí o gbà. `yt-dlp -F LINK-FIDIO` á to àwọn irú rẹ̀ sílẹ̀. 251 ni Opus, 140 ni AAC. Mú 251 bí ó bá wà:

`yt-dlp -f 251 -o ohun.webm LINK-FIDIO`

Fún fídíò oníṣẹ́jú àáyá 38, kò tó 1 MB. Kí o tó máa wá áàpù kiri, ya ìró yẹn sí àwòrán, kí o fojú ara rẹ rí i:

`ffmpeg -i ohun.webm -lavfi showspectrumpic=s=1600x800:start=0:stop=4000 iro.png`

Bí o bá fi start àti stop sílẹ̀, ffmpeg á ya gbogbo ìró dé 24,000 Hz, SSTV á wá fún sí ìsàlẹ̀ pátápátá bí òwú tẹ́ẹ́rẹ́, wàá ní o ò rí nǹkan. Bí SSTV bá ni, wàá rí ìlà tó nà tààrà ní 1900 níbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ohun tó kún fọ́fọ́ láàárín 1500 sí 2300, tí nǹkan kékeré kan ń yọ sísàlẹ̀ ní 1200 léraléra ní ìwọ̀n dídọ́gba. Bí o bá rí ojú ènìyàn tàbí lẹ́tà tààrà nínú iro.png, a jẹ́ pé kì í ṣe SSTV, inú spectrogram, ìyẹn àwòrán ìró yẹn, gan-an ni wọ́n kọ ọ́ sí.

Áàpù Robot36 tó wà lórí F-Droid ló ń tú u lórí fóònù. Etí ló fi ń gbọ́ ọ, ìyẹn maikírófóònù, nítorí náà fóònù méjì lo nílò: ọ̀kan ń kọ, èkejì ń gbọ́. Fi wọ́n sí ìwọ̀n ìka ọwọ́ kan síra wọn, ohùn ní ìdajì, torí ohùn tó bá pariwo jù á máa ya lára sípíkà, àwòrán á sì di yẹ́riyẹ̀ri. Pa fáànù. Bí jẹ́nẹ́rétọ̀ aládùúgbò bá ń pariwo, dúró dìgbà tó bá dákẹ́. Ṣí Robot36 kí o TÓ tẹ ìró, torí bí ó bá pàdánù súfèé ìbẹ̀rẹ̀ yẹn, ó lè má mọ irú SSTV tó jẹ́, ìwọ lo máa fọwọ́ yan Robot 36 fún un.

Má sì ṣe fi ìró náà ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni bí voice note. WhatsApp á tún un fún pọ̀, á gé e sí wẹ́wẹ́. Fi ránṣẹ́ bí document.

TisaIjumu:

Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún ìlà tó wà lábẹ́ fídíò yẹn. Base64 ni, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń fi lẹ́tà àti nọ́ńbà lásán kọ dátà. Bí a ṣe ń dá a mọ̀: lẹ́tà ńlá, lẹ́tà kékeré, nọ́ńbà, bóyá + àti /, àmì = kan tàbí méjì lè wà nípàrí, àpapọ̀ rẹ̀ sì máa ń ṣeé fi mẹ́rin pín. Bí ó bá jẹ́ lẹ́tà ńlá nìkan pẹ̀lú nọ́ńbà 2 dé 7, base32 ni. Bí ó bá jẹ́ 0 dé 9 àti a dé f, tó sì gùn ní 32, 40 tàbí 64 gẹ́lẹ́, fura sí i: ó lè jẹ́ hash bíi MD5, SHA-1 tàbí SHA-256, ìyẹn àmì tí wọ́n ṣírò láti inú ọ̀rọ̀, kì í ṣe ohun tí à ń tú padà. Ìwọ lo máa ro ọ̀rọ̀ kan, kí o ṣe hash rẹ̀, kí o wò ó bóyá wọ́n bára mu.

Nínú Termux: `echo T2t1bg== | base64 -d`

Ohun tó jáde ni: Okun, ìkíni ilé wa.

Ẹ wá wò ó. Ẹni tó ṣe ìkànnì yìí, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ọmọ ilé wa. Kò fi àmì ohùn sí i pàápàá, torí bí ó bá kọ ọ́ ní "Òkun" ni, w5JrdW4= ni base64 rẹ̀ ì bá jẹ́. Mo bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má torí ìyẹn bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ ọmọ ẹnìkan síbí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kò tó láti mú ènìyàn.

Bí a ti dé ibi àmì ohùn: ìdajì "kóòdù" tí wọ́n ń gbé wá síbí, Yorùbá tó bàjẹ́ ni. UTF-8, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà òde òní fi ń tọ́jú lẹ́tà, máa ń fi báìtì mẹ́ta kọ ẹ, mẹ́ta fún ṣ, méjì fún Ò. Bí ètò tó ń kà á bá rò pé ìkọ̀wé Windows àtijọ́ ni, ẹ á di áº¹, ṣ á di á¹£, "Òkun" á di Ã’kun. Ẹni tó bá rí i á ní àṣírí ńlá ni. Bí ẹ bá ti rí á, Ã tàbí Ì tó ń yọjú nínú ìlà léraléra, ẹ fi ètò tó lè yí encoding padà ṣí i, kí ẹ mú UTF-8. CyberChef ń ṣe é nínú bíráúsà, bí ẹ bá sì ti gbà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò nílò nẹ́tíwọ̀kì mọ́.

Ní ti orúkọ fídíò oníhóró mẹ́jọ yẹn, ẹ yí àwọn náà padà kí ẹ tó sọ pé wọn ò nítumọ̀. Bí base64 ò bá mú nǹkan jáde, ẹ dán ìyípo Caesar wò, ìyẹn fífa lẹ́tà kọ̀ọ̀kan síwájú tàbí sẹ́yìn ní iye kan náà, ṣùgbọ́n kí ẹ ṣe é pé. Àlọ́ Cicada 3301 tó jáde lórí 4chan ní ọjọ́ 4 oṣù kìíní 2012 ni kí ẹ fi kọ́ ọ. Àwòrán dúdú tó ní ọ̀rọ̀ funfun ni. Ẹni tó bá fi ètò ìkọ̀wé lásán ṣí fáìlì rẹ̀ á rí orúkọ Tiberius Claudius Caesar ní ìsàlẹ̀, àti ìlà kan tó bẹ̀rẹ̀ báyìí: lxxt>33m2mqkyv2gsq3. Claudius ni késárì kẹrin ní Róòmù, nítorí náà mẹ́rin-mẹ́rin ni kí ẹ fà á sẹ́yìn. l di h, x di t, x kejì di t, t di p. Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣubú ni àmì >, torí lẹ́tà nìkan ni wọ́n máa ń fà. Nínú ASCII, ìyẹn nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fún àmì kọ̀ọ̀kan, > jẹ́ 62, yọ 4, ó di 58, àmì : nìyẹn. 3 jẹ́ 51, ó di 47, ìyẹn /. http:// ti jáde. Ẹ fa ìyókù fúnra yín, ẹ máa bá i.imgur.com/ níbẹ̀.

Nínú àlọ́ kan náà, fífẹ̀ àwòrán jẹ́ 509, gíga rẹ̀ 503. Ẹ sọ wọ́n di púpọ̀ pẹ̀lú 3301, ẹ gba 845145127, òun sì ni orúkọ ojú òpó tó kàn. Nítorí náà ẹ máa kọ ìwọ̀n àwòrán sílẹ̀.

OmoOwe:

Ẹ ṣeun gan-an ni, Ọlọ́run á bù kún yín. SSTV ni lóòótọ́, ìlà 1900 yẹn hàn ketekete. Robot36 ti gbé àwòrán jáde: ilẹ̀ funfun, kóòdù QR kan ní àárín. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àwòrán náà dà sápá ọ̀tún bí ìgbà tí ògiri fẹ́ wó, etí àwọn onígun mẹ́rin ní àwọ̀ pupa àti ewé, fóònù ò sì kà á. Ṣé mo ba nǹkan jẹ́ ni?

BunuRedio:

O ò ba nǹkan kan jẹ́. Aago inú fóònù méjì kì í sáré dọ́gba rárá. Ìyàtọ̀ tíńtín ní ìlà kan á ti di ńlá nígbà tí ìlà bá fi pé 240. Ohun tó dára níbẹ̀ ni pé ìyàtọ̀ náà kì í yí padà: wọn etí òsì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí ó bá sún píksẹ́lì 24 nínú ìlà 240, ìdá 0.1 ni ìlà kọ̀ọ̀kan fi sún. Áàpù àwòrán tó bá ní "shear" tàbí "skew" á fà á padà. Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà lè lo MMSSTV, ó ní ibi tí wọ́n ti ń tún dídà yẹn ṣe.

Àwọ̀ etí yẹn, bí Robot 36 ṣe rí ni. Kì í fi àwọ̀ kíkún ránṣẹ́ lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ìlà kan á gbé apá kan àwọ̀, èyí tó tẹ̀ lé e á gbé apá kejì, wọ́n á wá jọ pín in. Sọ àwòrán náà di dúdú àti funfun, kí o gbé kọ́ńtíráàsì sókè títí eérú á fi tán.

TisaIjumu:

Bí fóònù bá tún kọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ka iye onígun kéékèèké tó wà láti igun kan dé èkejì. QR tó kéré jù jẹ́ 21 sí 21, èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ 25, wọ́n ń fi mẹ́rin-mẹ́rin pọ̀ sí i. Ya gírídì sórí ìwé, kí o kùn ún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. QRazyBox náà wà fún un nínú bíráúsà. Má bẹ̀rù bí ọ̀kan tàbí méjì bá rú ọ lójú. QR lè fara da ìbàjẹ́ nǹkan bí ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún ní ipele L, dé 30 ní ipele H. Àmọ́ onígun mẹ́rin ńlá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà ní igun mẹ́ta gbọ́dọ̀ pé, àyè funfun tó yí i ká sì gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó onígun kékeré mẹ́rin. Ọ̀pọ̀ ló ń gé àwòrán mọ́ ọn lára jù, ìdí tí kámẹ́rà fi ń kọ̀ ọ́ nìyẹn.

EgbeTech:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Kí QR yẹn tó jáde, nǹkan díẹ̀.

OmoOwe, gba ìró gbogbo fídíò náà sílẹ̀ báyìí, kí ariwo tó pọ̀. Ìkànnì Unfavorable Semicircle tó bẹ̀rẹ̀ ní 2015 ní fídíò ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Nígbà tí ìròyìn rẹ̀ tàn ní ìbẹ̀rẹ̀ 2016, YouTube pa á rẹ́. Ohun tí àwọn ènìyàn ti fi pamọ́ nìkan ló kù fún àwọn tó ń tú u. Fún ìró 200 fídíò oníṣẹ́jú àáyá 38, ní 251, fi 150 MB sí i lọ́kàn. Nínú àṣẹ ìró yẹn, fi `"%(id)s.webm"` rọ́pò ohun.webm kí fáìlì kọ̀ọ̀kan lè ní orúkọ tirẹ̀. Fi `--sleep-interval 5` kún un, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ YouTube lè dí ọ lọ́nà láàárín.

Èkejì ni àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Kì í ṣe gbogbo ohun tó bá jáde nínú spectrogram ló yẹ ojú ọmọdé. Fídíò 11B-X-1371 tó gbòde ní 2015, tí ẹnìkan wọ aṣọ dókítà àjàkálẹ̀ àrùn ayé àtijọ́, inú ilé ìwòsàn tí wọ́n ti pa tì ní Otwock ní Poland ni wọ́n ti yà á. Ẹni tó ya ìró rẹ̀ sí àwòrán bá àwòrán òkú àti ìyà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ ọnà ni ẹni tó jáde wá sọ pé òun ló ṣe é pè é, ṣùgbọ́n ojú tó bá ti rí i ti rí i. Àgbà ni kó kọ́kọ́ wò ó.

QR náà ńkọ́? Fi áàpù tó ń fi ọ̀rọ̀ hàn láìṣí i kà á. Bí ó bá jẹ́ àdírẹ́sì, kọ ọ́ sílẹ̀ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kí o gbé e lọ sí VirusTotal, ojú òpó tó ń yẹ àdírẹ́sì wò bóyá ó léwu. Bí ó bá parí sí .apk, ìyẹn fáìlì áàpù Android, dúró níbẹ̀, kò sí àlọ́ tó yẹ kó wọ fóònù rẹ. Bí ojú ewé náà bá ní o ti yege, kí o fi BVN, NIN tàbí OTP sí i kí ẹ̀bùn lè jáde, oníjìbìtì ni, ì báà jẹ́ òun ló ṣe àlọ́ tàbí ó kàn jókòó sí ìdí rẹ̀. Ìdí tí Cicada fi ń fi PGP, ìfọwọ́sí orí kọ̀ǹpútà tí ẹlòmíì kò lè ṣe ayédèrú rẹ̀, fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ wọn nìyẹn, torí kò pẹ́ tí àwọn aláfarawé fi kún ìta. Ìkànnì tìrẹ yìí kò ní ìfọwọ́sí kankan, nítorí náà bí ẹnìkan bá wá sínú WhatsApp lọ́la tó ní òun ló ni ín, ní kó fi ọ̀rọ̀ tí ìwọ bá yàn sí abẹ́ fídíò tó kàn.